Ilẹ̀kùn ara ẹ̀dọ̀: bí oúnjẹ àti ìrìn ṣe ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù

Ní Abẹ́òkúta, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bàbá, irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti ga, ẹyin ni ará ilé máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀bi ẹyin kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀dọ̀ sì ni olórí iṣẹ́ náà. Ara ò lè wà láìsí i, torí òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá oúnjẹ. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá ju èyí tí ẹ̀dọ̀ ń rí kó kúrò.

Ọ̀rá àti omi kì í pò, nítorí náà kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń wọkọ̀ ni. LDL lorúkọ ọkọ̀ tó ń gbé e káàkiri ara. Bí LDL bá pọ̀ lójú ọ̀nà, á máa há sára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ á máa nípọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ni ín ò sì ní mọ nǹkan kan lára. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára ẹ̀dọ̀ tí LDL ń gbà wọlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló ṣàwárí wọn ní Texas, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1985.

Ọ̀rá tó máa ń dì ló ń ti ilẹ̀kùn náà: ọ̀rá màlúù, bọ́tà, epo àgbọn. Epo pupa ńkọ́? Kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, torí ara èso igi ló ti wá. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ni irú tó ń dì yìí, ẹni tó bá sì ti rí epo nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́ ò nílò ẹlẹ́rìí. Yíyọ́ tí wọ́n ń yọ́ ọ fún ọbẹ̀ ọ̀fadà, àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn ń kó lọ. Ọ̀rá tó ń dì ò lọ síbì kankan. Kí ṣíbí epo dín kù, kí òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà rọ́pò díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn ló dùn mọ́ni jù, torí ó ti wà nínú ìkòkò wa tipẹ́. Òróòro tí ẹ̀dọ̀ bá dà sínú ìfun kì í ṣòfò: bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń padà sílé. Àmọ́ okùn oúnjẹ (fiber) tó ń yọ̀, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà, tó sì ń mú ilá àti ewédú fà, máa ń dì mọ́ òróòro, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá rí i pé ọjà ti tán. Ó ní láti ṣe òmíràn, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ló sì fi ń ṣe é, ló bá ṣí ilẹ̀kùn sí i, ó ń fa LDL wọlé. Gíráàmù 5 sí 10 irú okùn yìí lójúmọ́ lè dín LDL kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni.

Láfún wá ńkọ́, tí Ẹ̀gbá ò lè ṣe kó má jẹ? Kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, àmọ́ bí òkèlè bá ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á sọ àjẹṣẹ́kù rẹ̀ di ọ̀rá mìíràn, triglyceride. Kí òkèlè kéré, kí ewédú pọ̀.

Ìrìn kíákíá, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ń lé triglyceride sílẹ̀, ó sì ń gbé HDL, ọkọ̀ tó ń kó àjẹkù padà, sókè díẹ̀. Ìlú tó wà lábẹ́ òkúta ò ṣaláìní òkè tí èèyàn lè gùn. Sìgá ń fa HDL wálẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ilẹ̀kùn díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀. Ewédú nìkan ò lè gba irú wọn là. Oògùn statin tí dókítà ń kọ fún wọn, ilẹ̀kùn kan náà ló ń lò: ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì wá tirẹ̀ lọ sínú ẹ̀jẹ̀.