Òkúta ìrántí ogun tó di àwátì: bí a ṣe ń tọpa rẹ̀ nínú àwọn ìjọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ibi tí òkúta ìrántí ti kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣòro rí. Ọ̀dà ibẹ̀ kì í bá ti ìyókù ògiri dọ́gba. Ihò ìṣó á wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi sìmẹ́ǹtì dí wọn pa. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, tó sì tàn sí ògiri náà láti ẹ̀gbẹ́, àpá onígun mẹ́rin á yọ síta kedere. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó fi téèpù wọn gígùn àti fífẹ̀ àpá náà, a ó wọn bí ihò kan ṣe jìnnà sí èkejì, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún kun ògiri náà. Ìwọ̀n yìí la ó fi mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn bóyá òkúta tí a rí níbòmíràn ni èyí tó ti ibí kúrò.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kò dìgbà tí olè bá wọlé kí òkúta ìrántí tó sọnù. Kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ti tó. Ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé amọ̀ onípáànù á wó o láti kọ́ èyí tó tóbi. Kí wọ́n tó wó o, wọ́n á kó agogo, àwo ìtẹ̀bọmi àti òkúta ìrántí pamọ́ sí ilé àlùfáà. Agogo á padà, nítorí ọ̀sẹ̀ kan kò lè lọ kí a má nílò rẹ̀. Òkúta lè má padà. Ilé kíkọ́ á gba ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n á gbé àlùfáà tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn. Ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á bá òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ilé ìdáná, á sì rò pé òkúta ìfọṣọ ni. Èyí tó bá jẹ́ idẹ ní tirẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù kì í fojú fò ó.

Lẹ́yìn àpá ògiri, ohun tó kàn ni ká mọ ogun tí òkúta náà ń rántí. Àwọn àgbà kì í sọ pé Ogun Àgbáyé Kìíní tàbí Èkejì. Ogun Jámánì ni ti 1914, Ogun Hítílà ni ti 1939, ẹni tó bá sì sọ pé bàbá òun lọ sí Bọ́mà (Myanmar lónìí) ti dáhùn ìbéèrè náà: Ogun Hítílà ni. Bí ẹnì kan bá rántí gbólóhùn kan péré lára òkúta náà, tàbí tí fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ kan bá gbé igun rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọkọ àti ìyàwó, ó ti tó bẹ̀rẹ̀. Òkúta tó pe ogun náà ní "Ogun Ńlá" láì sọ èkíní tàbí èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti wà kí 1939 tó dé, nítorí ta ló mọ̀ nígbà náà pé òmíràn ń bọ̀? Èyí tó bá ní "1914–1919" kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìbọn dákẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1918, àmọ́ oṣù kẹfà 1919 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Versailles, àwọn kan sì ń ka ogun náà dé ibẹ̀. Bí orúkọ bíṣọ́ọ̀bù bá wà lára rẹ̀ ní ìjọ Áńgílíkà, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Frank Melville Jones ni bíṣọ́ọ̀bù Èkó láti 1919 títí di 1940, Leslie Gordon Vining ló tẹ̀lé e. Bíṣọ́ọ̀bù Èkó ló sì ń ṣàkóso ìjọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nígbà náà. Ọ̀nà ìkọ̀wé pẹ̀lú ní ọjọ́ orí. "Enia", "aiye" àti "nwọn" ti wà ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970.

Ìwé ìjọ ló kàn. Nínú ìwé ìsìn tí àlùfáà ń kọ ọjọ́, ẹsẹ Bíbélì, iye èrò àti owó igbá sí, àlàfo tóóró kan máa ń wà fún ọ̀rọ̀ àkànṣe. Níbẹ̀ ni ká ti máa wá ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta náà. Ẹni tó bá lọ ń wá a ní ojú ìwé oṣù kìíní ń fi àkókò ṣòfò. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní tí à ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun báyìí wá láti ìparí ogun abẹ́lé ní 1970. Kó tó di ìgbà náà, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá tàbí ọjọ́ Ìsinmi tó sún mọ́ ọn ni. Nítorí náà, oṣù kọkànlá la ó kọ́kọ́ ṣí, láti 1919 lọ síwájú. Ìjọ Áńgílíkà tún ní ìlànà pé a kì í gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri láì gba ìwé àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ìwé àṣẹ yẹn, tàbí lẹ́tà tí wọ́n fi tọrọ rẹ̀, lè ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára òkúta náà nínú.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ìjọ, ìwé owó ló ṣeé gbára lé jù. Ìpàdé lè pinnu ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Owó tó bá ti jáde ti jáde. Bí ìjọ bá dáwó fún òkúta ìrántí, ká wá ojú ìwé tí wọ́n fa ìlà sí fún un: orúkọ lápá òsì, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ lápá ọ̀tún. Ká ka àwọn orúkọ náà jẹ́jẹ́. Àwọn gbajúmọ̀ á san pọ́n-ùn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ akọrin á san tiwọn pa pọ̀, àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ á mú sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà, ìdajì ṣílè) tàbí tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta) wá. Bí a bá wá rí ìyá kan tí kì í san ju tọ́rọ́ lọ nínú gbogbo ìdáwó ìyókù, tó san ṣílè márùn-ún nínú èyí nìkan, ó yẹ ká dúró níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí òkúta náà ń rántí. Kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ilé tó yẹ ká kàn sí.

Lápá ìnáwó, ẹni tó gbẹ́ òkúta náà àti iye tó gbà ló yẹ ká wá, ká sì má fo owó ìgbéwá. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dára, ọ̀nà omi ni ẹrù wíwúwo ń gbà láti Èkó: ti Ìjẹ̀bú-Òde á gba ọ̀sà dé Ẹ̀jìnrìn, ti Rẹ́mọ á gba Ìkòròdú, kí aláàárù tó gbé e wọ ìlú. Ìlà kan péré bíi "owó aláàárù, Ẹ̀jìnrìn" lè sọ fún wa pé Èkó tàbí òkè òkun ni òkúta náà ti wá, kì í ṣe pé ọmọ ìlú kan ló gbẹ́ ẹ. Gbogbo èyí tí wọ́n bá kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti wà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973, ọjọ́ tí náírà bẹ̀rẹ̀.

Bí ikán bá ti jẹ ìwé ìjọ ńkọ́? Ìyẹn wọ́pọ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí. Ọdún 1976 ni wọ́n dá dáyósíìsì Ìjẹ̀bú sílẹ̀, ti Rẹ́mọ sì tẹ̀lé e ní 1984, nítorí náà Èkó la ó ti béèrè ìwé àwọn ọdún tó ṣáájú. Ìwé CMS, àjọ míṣọ́nnárì àwọn Áńgílíkà, wà ní yunifásítì Birmingham, ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì wà ní yunifásítì SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí fáìlì ìjọba Ìjẹ̀bú wà lábẹ́ àmì Ije Prof (ìkékúrú Ijebu Province). Ará Rẹ́mọ kò gbọ́dọ̀ fo àmì yẹn, nítorí abẹ́ Ìjẹ̀bú ni ìjọba amúnisìn ka Rẹ́mọ sí. Fáìlì tó jẹ mọ́ ìforúkọsílẹ̀ ṣọ́jà, owó ẹbí òkú àti àwọn tó ti ogun dé ló yẹ ká béèrè. Ká má gbàgbé ìwé ìròyìn. Èkó Àkéte bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí-Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó sì tẹ̀lé wọn kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Àwọn tó ń kà wọ́n kò sí ní Èkó nìkan, ọjọ́ ṣíṣí òkúta ìrántí ní ìlú bí Ìjẹ̀bú-Òde sì jẹ́ irú ìròyìn tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Bí orúkọ bá ti jáde, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wá le jù. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ni ẹ̀sìn Kristẹni tó rí ẹsẹ̀ walẹ̀ dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí Ogun Jámánì fi bẹ̀rẹ̀, ìran tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìtẹ̀bọmi fún ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹnì kan lè ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kó ní orúkọ ìtẹ̀bọmi, kí àwọn ọ̀rẹ́ sì tún ní tiwọn. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ológun, akọ̀wé náà á béèrè orúkọ kan, á béèrè ìlú, á sì so méjèèjì pọ̀. Bí "Ojo Ibadan" àti "Audu Kano" ṣe kún ìwé ọmọ ogun nìyẹn. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ sí Jósáyà, tí ilé wọn mọ̀ sí Òdúṣẹ̀gún, lè jẹ́ "Odu Ijebu" tàbí "Odu Jebu" níbẹ̀. Ìwé ìtẹ̀bọmi ló sábà máa ń so orúkọ ilé mọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà òun la ó gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá ń wo ìwé ogun ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Commonwealth, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ti gbé orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni láti wò ó. Ti Bọ́mà rọrùn díẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn sì wà lára òkúta ńlá tó wà ní ibojì Taukkyan ní Bọ́mà, níbi tí nǹkan bí 27,000 orúkọ wà. Ká wá "Ijebu", ká wá "Jebu", ká wá "Shagamu", ká wá orúkọ ìlú kékeré kọ̀ọ̀kan, ká má sì jẹ́ kí àṣìkọ lé wa padà.

Ti Ogun Jámánì ló ń bani nínú jẹ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 títí di 1916, wọ́n sì jà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà títí wọ ọdún 1918. Mahiwa, ní ilẹ̀ tó di Tànsáníà lónìí, wà lára ibi tí wọ́n ti jà kíkankíkan ní oṣù kẹwàá 1917. Gbogbo ibi tí ṣọ́jà bá dé, aláàárù ló ru ọta ìbọn àti oúnjẹ rẹ̀ débẹ̀. Àwọn aláàárù kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní 2021, àjọ ibojì náà fúnra wọn gbé ìwádìí jáde pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, ó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, tó kú nínú ogun náà ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibikíbi tàbí tí wọn kò rántí rárá. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú bá kọ aláàárù kan sára òkúta rẹ̀, ìjọ yẹn ṣe ohun tí ìjọba tó kó o lọ kò ṣe. Ó lè jẹ́ pé níbẹ̀ nìkan ni orúkọ ọkùnrin náà wà láyé. Òkúta tí wọ́n ń fọ aṣọ lórí rẹ̀ nìyẹn o.

Ní ti àwọn àgbà, ọ̀nà ìbéèrè ló ṣe pàtàkì. Bí a bá bi ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ọdún wo ni àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sógun, ó lè rẹ́rìn-ín. Ká bi í pé régbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wo ni onítọ̀hún wà, a ó gbọ́ ìdáhùn, a ó sì fi ọjọ́ orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò. Ká béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òkúta ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti òkúta àwọn tó kú sógun máa ń dàpọ̀ mọ́ra nínú ìrántí.

Bí òkúta náà bá wá jáde níkẹyìn, ó lè má ní lẹ́tà kankan lójú. Lára mábù, agbẹ́kúta máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa wà, á wá fi òòlù gún òjé wọ inú wọn kó lè di mú. Ọdún gígùn àti ìfọṣọ á yọ òjé náà dànù, tàbí kí ẹnì kan tiẹ̀ yọ ọ́ láti so mọ́ àwọ̀n ẹja. Àwọn ihò kì í lọ. A ó kọ́kọ́ gbé ìwọ̀n àpá ògiri lé e, igun sí igun, ihò ìṣó sí ihò ìṣó. Bí ó bá bára mu, a ó fi omi lásán fọ ojú rẹ̀, láì fi ọṣẹ tàbí irin họ ọ́, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀, a ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù dídú pa ìwé náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí ihò wà á dúró ní funfun. Lójú ẹni tí kò mọ nǹkan kan, èérún funfun lásán ni. Ẹni tó bá ní orúkọ tó ti rí nínú ìwé owó àti ìwé ìtẹ̀bọmi lọ́wọ́ á fi ìka lé ìlà kejì: ihò mẹ́ta lóròó, méjì tó yí bìrí, ọ̀kan tó dá wà nísàlẹ̀. Á ka lẹ́tà náà, á ka èyí tó tẹ̀lé e, títí orúkọ náà á fi pé.