Egungun Ńlá Yìí Kì Í Ṣe Ti Dáínósọ̀

Kí àwòrán egungun ẹranko ńlá kan ṣáà ti jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "dáínósọ̀ ni" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe Diprotodon, ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.7, tí èjìká rẹ̀ ga tó géńdé ọkùnrin. Àṣìpè gbáà ni. Ẹranko tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn ni, bíi kangarúù. Nínú àwọn tó ṣì wà láyé, wombat, ẹranko alápò kúkúrú kan tó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní Ọsirélíà, wà lára àwọn tó bá a tan jù.

Ọjọ́ orí egungun náà nìkan ti tó ẹ̀rí. Nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ni àwọn dáínósọ̀ ńláńlá parun. Diprotodon ṣì ń jẹ ewé kiri ní nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn, èèyàn sì ti wà ní Ọsirélíà nígbà náà.

Eyín ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Nínú ihò àpáta Wellington, ní New South Wales, ni wọ́n ti rí egungun tó dé ọwọ́ Richard Owen, onímọ̀ nípa egungun ẹranko, ní London. Ó wo eyín iwájú tó gùn gbọọrọ, ó rí i pé ti wombat ló jọ, ó sì sọ ẹranko náà lórúkọ ní 1838.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Adágún Callabonna, ní Gúúsù Ọsirélíà. Adágún náà ti gbẹ, iyọ̀ ló bò ó lójú. Nígbà tí àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù Adelaide lọ gbẹ́ ibẹ̀ ní 1893, ọ̀pọ̀ Diprotodon ni wọ́n bá nínú amọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì rì sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ló gbà wọ́n mú níbi tí wọ́n ti ń gba orí adágún kọjá, wọn ò sì rí ẹsẹ̀ fà yọ mọ́. Abo kan wà níbẹ̀ tí egungun ọmọ kékeré wà níbi tí àpò rẹ̀ yẹ kó wà. Ẹyin ni dáínósọ̀ ń yé ní tiwọn.

Eyín ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Bó ṣe ń hù ni èròjà strontium inú ewé tí ẹranko náà ń jẹ ń wọnú rẹ̀, ti ilẹ̀ kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn, èyí ló ń jẹ́ kí eyín fi ibi tí ẹranko náà ti jẹun hàn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ eyín kan láti Darling Downs, ní Queensland, wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n rí i pé lọ́dọọdún ni Diprotodon yìí ń ṣí lọ tó sì ń padà, ìrìn tó lè tó 200 kìlómítà. A ò mọ ẹranko alápò kankan lónìí tó ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.