Bí ọ̀sẹ̀ ìsinmi ṣe wọ inú sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ìfètòsọ́mọbíbí

Obìnrin Àjàṣẹ́ tó bá ń múra Mẹ́kà mọ̀ pé bí nǹkan oṣù bá dé bá òun lọ́hùn-ún, òun kò ní lè yí Káábà po. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò sì kéré. Kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, á ti dé fáàmásì, á gba oògùn tí yóò sún un síwájú, á lọ ṣe Hájì rẹ̀ pé, á sì padà wálé ní Alhaja. Ọ̀pọ̀ àáfà gbà á láyè, bí oògùn náà kò bá ti ní pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Alhaja yìí kan náà pé ọmọ rẹ̀ obìnrin lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù dé oṣù, kí ẹ gbọ́ ariwo. "Ẹ̀jẹ̀ náà á wá gba ibo lọ? Ṣé kò ní dì sínú kó di ìju?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìtàn ibi tí ọ̀sẹ̀ ìsinmi, ìyẹn ọjọ́ méje tí kò sí oògùn gidi nínú sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ti wá ló sì dá a lóhùn jù, nítorí pé èèyàn ló jókòó tó fi í síbẹ̀.

Ẹ mú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ní Kétu tàbí ní Sàbẹ, kí ẹ wò ó dáadáa. Hóró 28 ló wà nínú rẹ̀, ìlà mẹ́rin, méje-méje. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Ìlà ìkẹyìn yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì, ó pupa rúsúrúsú. Kò sí oògùn kankan tí ń dènà oyún nínú méje yẹn. Irin ló wà nínú wọn, èyí tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Nínú oríṣi mìíràn kò tilẹ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ṣúgà lọ. Bí obìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n, tó di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹ̀jẹ̀ á dé, á sì ní nǹkan oṣù òun ti dé. Nǹkan oṣù kọ́. Nǹkan oṣù máa ń wáyé nígbà tí ẹyin ti jáde, tí inú ilé ọmọ ti nípọn de oyún, tí oyún kò sì dúró. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde, kì í sì í jẹ́ kí inú ilé ọmọ nípọn. Ìwọ̀nba fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ń já nítorí pé họ́mọ̀nù, irú oje ara tó wà nínú hóró 21 àkọ́kọ́, já lójijì. Bí họ́mọ̀nù kò bá já, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń kóra jọ síbì kan.

Ọ̀dọ̀ iṣu ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Sàbẹ tí ń kọ ebè á fẹ́ gbọ́ èyí. Kí ogun Hitler tó parí, Russell Marker, ọmọ Amẹ́ríkà, rí ohun kan fà jáde lára iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò, ó sì sọ ọ́ di progesterone, họ́mọ̀nù tó ti wọ́n bí ojú nígbà náà. Ní 1951, ní ilé iṣẹ́ Syntex ní Mẹ́síkò, Luis Miramontes, Carl Djerassi àti George Rosenkranz ṣe norethisterone, irú èyí tó ṣeé gbé mì. (Kì í ṣe iṣu tí à ń gún o. Iyán kì í dá oyún dúró.)

Láàárín àkókò yẹn, dókítà John Rock ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ní ìlú Boston. Ó fún 80 nínú wọn ní họ́mọ̀nù lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, láìdáwọ́ dúró, pẹ̀lú èrò pé bí ilé ọmọ bá sinmi, á lè gba oyún lẹ́yìn náà. Mẹ́tàlá lóyún lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta yẹn le. Nǹkan oṣù dúró, ọmú ń ro wọ́n, èébì ń gbé wọn. Kí ni ẹni tó ń fi omijé wá ọmọ yóò rò? Wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ tiwọn. Rock á wá sọ fún wọn pé kò sí oyún níbẹ̀, ìbànújẹ́ á sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Gregory Pincus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òun àti Rock jọ ń ṣiṣẹ́, ló mú àbá wá: kí wọ́n lò ó fún ọjọ́ 20, kí wọ́n dáwọ́ dúró kí ẹ̀jẹ̀ lè dé, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọkàn obìnrin á balẹ̀ pé òun kò lóyún, oògùn náà kò sì ní jọ ohun àjèjì. Ẹ rántí pé àyẹ̀wò oyún ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ti ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń tà ní fáàmásì. Wọ́n á gún àkèré tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Áfíríkà lábẹ́rẹ́ ìtọ̀ obìnrin, wọ́n á sì dúró wò ó bóyá á yé ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ rọrùn ju àkèré lọ.

Báyìí ni ìsinmi ṣe wọlé. Kò sí àrùn kan tó ń wò, kò sì sí ẹni tó ṣe ìwádìí pé ara nílò rẹ̀.

Ní 1960 ni ìjọba Amẹ́ríkà gba Enovid, oògùn tó jáde látinú iṣẹ́ Pincus àti Rock, láyè fún ìfètòsọ́mọbíbí, inú ìgò ni wọ́n ń kó o sí. Lẹ́yìn tí David Wagner, ẹnjiníà kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, bí ọmọ kẹrin, òun àti ìyàwó rẹ̀ kì í mọ̀ mọ́ bóyá ìyàwó ti lo tòní. Ó kọ orúkọ ọjọ́ sórí pépà, ó to hóró oògùn lé e lórí, nǹkan jábọ́ lù ú, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká. Ìyẹn ló mú un ṣe páálí olóbìírí kan, ó sì lọ gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ní 1963 ilé iṣẹ́ Ortho gbé irú rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni páálí fúnra rẹ̀ ti ń pàṣẹ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ máa dé.

Ìtàn kan tún wà tó gbalẹ̀ kan: wọ́n ní nítorí Póòpù ni wọ́n ṣe fi ọ̀sẹ̀ ìsinmi náà síbẹ̀. Mi ò gbà á. Lóòótọ́ Kátólíìkì ni Rock, ó sì jà fitafita kí Ìjọ lè gba oògùn náà. Póòpù Paul Kẹfà kọ̀ jálẹ̀ ní 1968. Ṣùgbọ́n Júù ni Pincus, àbá tirẹ̀ sì ti wà kí ìjà Rock pẹ̀lú Róòmù tó gbóná.

Ní tiwa, ọdún tí Enovid gbàṣẹ gan-an ni Dahomey (Benin òde òní) gba òmìnira, oṣù August 1960. Òfin Faransé ti 1920 tó ní kí ẹnikẹ́ni má polówó ohun tí ń dènà oyún kò tètè bá àwọn Faransé lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ABPF, tó ń rí sí ìfètòsọ́mọbíbí, sílẹ̀ ní 1972, òfin náà ṣì wà. Ìgbà tó di òfin 2003-04, ní oṣù March 2003, ni wọ́n tó gbé e kúrò.

Ẹnì kan tó dìde gbangba láti bi ayé pé kí ni ẹ̀jẹ̀ yẹn wà fún, Bahia ní Brazil ló ti wá, níbi tí àwọn baba Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wálé. Dókítà Elsimar Coutinho ni orúkọ rẹ̀. Ó ń fún àwọn obìnrin Salvador ní abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, ó rí i pé nǹkan oṣù wọn dúró, ara wọn sì le. Ní 1999 òun àti Sheldon Segal kọ̀wé pé rírí ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù kì í ṣe dandan. Ó dùn mọ́ mi nítorí àwọn ìyá ìyá wa: oyún, ọmú fún ọdún méjì, oyún mìíràn. Nígbà tí olùwádìí Beverly Strassmann ka ti àwọn obìnrin Dogon ní Mali, iye ìgbà tí wọ́n ń rí nǹkan oṣù láyé kò tó ìdajì ti obìnrin Amẹ́ríkà.

Àwọn oníwàádìí náà ò sùn. Àwọn dókítà ní Edinburgh, ní Scotland, ti dán èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta wò ní 1977. Oògùn Seasonale gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2003, ọjọ́ 84 kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Lybrel tẹ̀ lé e ní 2007, kò ní ìsinmi rárá. Ní January 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìfètòsọ́mọbíbí ní Bìrìtìkó kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ọ̀sẹ̀ ìsinmi kò ṣe ara ní àǹfààní kankan. Ó tilẹ̀ ní ewu tirẹ̀: láàárín ọjọ́ méje yẹn ni ẹyin ń jí, ẹni tó bá sì gbàgbé bẹ̀rẹ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́jọ́ tó yẹ ló sábà ń lóyún.

Ẹni tó bá fẹ́ fo ìsinmi náà, oògùn tí hóró 21 rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ló dára jù. Á fi méje ìkẹyìn sílẹ̀, á sì ṣí sáṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán díẹ̀díẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ padà, kì í sì í ṣe àmì àrùn. Bó bá dáwọ́ lílo rẹ̀ dúró, nǹkan oṣù á padà, ó sábà ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ewu tó wà, ti oògùn náà fúnra rẹ̀ ni, ìsinmi wà o, kò sí o. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀fọ́rí túúlu tó ń mú ojú ríran ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lẹ́sẹ̀ rí, jẹjẹrẹ ọmú, sìgá mímu lẹ́yìn ọmọ ọdún 35, ìyá ọmọ tuntun tó ń fún ọmú: ẹni tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá kàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oògùn náà láìrí sàjífáàmù (agbẹ̀bí). Kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò ní sinmi, nítorí sáṣẹ́ẹ̀tì 13 tó ń tó ẹlòmíràn lọ́dún á di 17 tàbí 18 lọ́wọ́ yín, mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń kó fúnni kò sì ní dé ọjọ́ tí wọ́n dá.