Da Silva: orúkọ ìdílé tó ti ilẹ̀ Potogí dé Pópó Àgùdà

Ní àárín ìlú Èkó, ní agbègbè Pópó Àgùdà tó yí Campos Square ká, àwọn ìdílé kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ da Rocha, Pereira, Martins, Cardoso, Fernandez tàbí da Silva. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ọmọ òyìnbó ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n: èdè wa ni wọ́n ń sọ, wọ́n ní oríkì, wọ́n sì mọ ilé bàbá wọn. Nínú gbogbo àwọn orúkọ náà, da Silva ni ó rìn jìnnà jù lọ láyé, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń ṣì lóye jù, nítorí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó so gbogbo àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí kò bá ara wọn tan ń jẹ́ ni da Silva, ọ̀nà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì gbà dé ìdí rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó lè sọ ohun tí orúkọ náà ń sọ nípa wọn.

Inú èdè Látìn ni Silva ti wá, igbó ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ sì ń pè bẹ́ẹ̀. Da tó ṣáájú rẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí ènìyàn ti wá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń pe ẹnì kan ní ará Ọ̀tà tàbí ará Ìjẹ̀bú. Orúkọ ibùgbé ni, kò sì sí èébú kankan nínú rẹ̀: ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá igbó, tàbí ní abúlé tí à ń pè ní Silva, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í dá mọ̀. Nínú èdè Potogí òde òní, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti yí díẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó máa ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó sì ń so èso dúdú kéékèèké, ni wọ́n ń pè ní silva nísinsìnyí, nígbà tí igbó gan-an ti gba orúkọ mìíràn.

Ní àríwá ilẹ̀ Potogí àti ní Galicia tó bá a pààlà, abúlé àti ilẹ̀ oko tó ń jẹ́ Silva kì í ṣe ẹyọ kan. Láti ayé àwọn ọba àtijọ́ ni ìdílé ọlọ́lá kan ti wà ní agbègbè Minho tó mú orúkọ náà láti ara ilẹ̀ tí wọ́n jogún, tí àwọn ọmọ wọn sì di olóyè àti jagunjagun ní ààfin. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn, àti àwọn tí ọmọ ọlọ́lá ṣe bàbá ìsàmì fún náà máa ń mú orúkọ ọ̀gá. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tálákà tó ti abúlé Silva mìíràn wá, tí kò fojú kan ìdílé ọlọ́lá náà rí, ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nítorí náà, kí ọkọ̀ ojú omi Potogí kankan tó gbéra lọ sí òkèèrè ni orúkọ yìí ti ní orísun púpọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jẹ mọ́ igi tàbí igbó, bíi Silva, Oliveira tàbí Pereira, ọmọ Júù tí wọ́n fipá sọ di Kristẹni ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ọlọ́lá, àgbẹ̀ àti àlùfáà ló ń jẹ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá yí àwọn Júù lẹ́sìn padà.

Brazil ni orúkọ náà ti di òkun. Àwọn Potogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1500, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta àti ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ lẹ́rú súnmọ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Láàárín wa, ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Brazil, ọ̀gá ni wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún ẹrú, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún un, bíi João, Maria tàbí Francisca, wọn a sì kọ àwọ̀ ara rẹ̀, tàbí ẹ̀yà tí wọ́n rò pé ó ti wá, tẹ̀ lé e nínú ìwé. Orúkọ ìdílé kò sí fún un, nítorí òfin wọn kò ka ẹrú sí ẹni tó ní ìdílé. Ọjọ́ tó bá gba òmìnira ni ọ̀rọ̀ orúkọ kejì ń dìde, nítorí pé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, tó fẹ́ pe ẹlẹ́jọ́, tàbí tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nílò orúkọ tó pé. Àwọn kan mú orúkọ ọ̀gá tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn mú orúkọ ẹ̀sìn, bíi dos Santos tàbí de Jesus. Ọ̀pọ̀ mú da Silva, yálà nítorí pé òun ni ọ̀gá wọn ń jẹ́, tàbí nítorí pé ó ti wọ́pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni lè jẹ́ ẹ láìsí pé a bi í léèrè ilé tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ìwé rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Ní abúlé Milho Verde, ní agbègbè Tijuco, níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì ní Minas Gerais, tí orúkọ rẹ̀ ti di Diamantina báyìí, wọ́n bí ọmọbìnrin kan sínú oko ẹrú. Ọmọ Áfíríkà ni ìyá rẹ̀, òyìnbó Potogí sì ni bàbá rẹ̀. Nínú ìwé ìgbà ẹrú rẹ̀, Francisca lásán ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú tán kò sì funfun. Ní ọdún 1753, João Fernandes de Oliveira, ẹni tí ọba fún ní àṣẹ lórí dáyámọ́ńdì agbègbè náà, rà á, kò sì pẹ́ tó fi dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń pè é ní Francisca da Silva, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ kò jẹ́ da Silva, ìyá rẹ̀ náà kò jẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ó fi Oliveira kún un, nítorí ó bí ọmọ mẹ́tàlá fún ọkùnrin náà. Òun ni gbogbo Brazil mọ̀ sí Xica da Silva, ó sì kú ní ọdún 1796 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní dúkìá, tó sì ní ẹrú tirẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ wá orírun rẹ̀ lọ sí Minho yóò ṣìnà pátápátá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún àwọn èèyàn wa tí ogun kó. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń kó gúnlẹ̀ sí Bahia ní Brazil, Nagô sì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Nagô tó jẹ́ Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Salvador, olú ìlú Bahia. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ọ̀tá wo gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti dòmìnira, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé. Láti ìgbà náà títí kọjá ọdún 1888 tí Brazil fòpin sí oko ẹrú pátápátá, àwọn ìdílé ń padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, Ouidah àti etíkun Tógò. Orúkọ tí wọ́n fi dòmìnira ni wọ́n gbé bọ̀.

Àgùdà ni a ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ìjọ Kátólíìkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n mú ẹ̀sìn náà bọ̀ láti òkè òkun. Mùsùlùmí wà nínú wọn pẹ̀lú, ẹni tó bá sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tí àwọn bíríkìlà kọ́ bí ẹni kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, yóò mọ̀ pé ẹ̀sìn kò pín iṣẹ́ ọwọ́ wọn níyà. Ní Èkó, bíríkìlà tó ń jẹ́ Lazaro Borges da Silva wà lára àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti ìgbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1880. Ní Àjàṣẹ́, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí à ń pè ní Musée da Silva, níbi tí a ti lè rí àga, fọ́tò àti ohun èlò ilé àwọn Àgùdà. Ní Tógò, orúkọ náà farapamọ́: ọmọ Bahia ni bàbá bàbá Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n pa ní ọdún 1963, Francisco Olympio da Silva ni ó sì ń jẹ́ kó tó fi apá ìkẹyìn sílẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn àwọn Àgùdà ni bí orúkọ wa àti orúkọ àjèjì ṣe ń gbé pọ̀ lára ẹnì kan láìjà. Bisi Silva, tó dá gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà òde òní sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2007, tó sì kú ní 2019, Ọlábísí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ń sọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n bí i, Silva sì ń sọ ibi tí ìdílé gbà kọjá. Kò sí èyí tó fagi lé ìkejì.

Ní Brazil òde òní, kò sí orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ tó o. Ètò ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ lé ní mílíọ̀nù 34, ìyẹn ni pé nínú ènìyàn mẹ́fà, a óò rí ẹnì kan. Ó ti di orúkọ mẹ̀kúnnù, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ohun ìwúrí fún ọ̀pọ̀ tálákà nígbà tí Luiz Inácio Lula da Silva, ọmọ àgbẹ̀ láti Pernambuco, di ààrẹ ní ọdún 2003. Bákan náà, ó wọ́pọ̀ débi pé àwọn kan ń sá fún un: Ayrton Senna da Silva, awakọ̀ ìje tó gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta, yan orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè dá a mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ da Silva. Adhemar Ferreira da Silva, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó gba wúrà ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní 1952 àti 1956, wá ṣiṣẹ́ ní Èkó láàárín ọdún 1964 sí 1967, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ àṣà ní iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Brazil, ní ìlú tí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti ń gbé ṣáájú ìgbà tí wọ́n bí i.

Orúkọ náà dé ibòmíràn tí Potogí ti jọba tàbí ṣòwò: Angola, Mozambique, Cabo Verde àti Goa. Ní Sri Lanka, níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1505, Silva àti de Silva ti di orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà. Ọ̀kan nínú wọn, Aravinda de Silva, ni ó gba eré 107 wọlé nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba ife àgbáyé kírikẹ́ẹ̀tì ní 1996. Àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láti erékùṣù Azores àti Madeira gbé e dé Massachusetts, California àti Hawaii, àwọn kan sì ti yí i padà sí Sylvia lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó ń jẹ́ da Silva, tó sì fẹ́ mọ orírun rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ náà. Kí ó kọ́kọ́ béèrè oríkì orílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, nítorí pé da Silva kan lè jẹ́ ọmọ Òpómúléró, kí èkejì ní òpópónà kan náà jẹ́ ọmọ Ìkòyí, kí wọ́n má sì bá ara wọn tan rárá. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilẹ̀ ní Èkó tàbí Àjàṣẹ́, kí ó sì kíyè sí orúkọ tó wà láàárín, nítorí lọ́dọ̀ àwọn Potogí, orúkọ ìdílé ìyá ló máa ń ṣáájú ti bàbá. Ìwé ìrìnnà tí àwọn ọlọ́pàá Bahia kọ fún àwọn tó ń padà bọ̀ wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Salvador, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún bí a ṣe kọ orúkọ: da Silva, de Silva, Dasilva àti Silva lásán lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìwé mẹ́rin, lábẹ́ lẹ́tà S ni àwọn Potogí sì máa ń tò ó sí, kì í ṣe lábẹ́ D.