Ibi tí Òfin Ọdún Mẹ́wàá ti Wọ Ibùdó Ọkọ̀-Ilé ní Amẹ́ríkà

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ní kí ibùdó ìpàgọ́ má gba ọkọ̀-ilé (RV, ọkọ̀ tí èèyàn lè máa sùn sínú rẹ̀ lójú ìrìn-àjò) tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibùdó aládàáni, pàápàá èyí tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹni tó bá pè ni pé, "Ọkọ̀ ọdún wo ni?" Àwọn onílẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn ṣe òfin yìí, ṣùgbọ́n àṣà tó bí i ti pẹ́.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ kí arìnrìn-àjò lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, torí wọ́n gbà pé yóò náwó lọ́jà wọn. Ní 1919, àwọn arìnrìn-àjò onímọ́tò tó ń pe ara wọn ní Tin Can Tourists (Arìnrìn-àjò Alágolo) dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní De Soto Park, nílùú Tampa, ní Florida. Agolo tí wọ́n jó mọ́ ìdérí rédíétọ̀ ni àmì wọn. Nígbà tó máa fi di 1925, Ford Model T tó pọ́ọ́kú jù ti já wá sí dọ́là 260. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kiri náà di onímọ́tò, ó sì ń sùn sórí ilẹ̀ ìpàgọ́ náà. Ni ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba sẹ́ǹtì 25 tàbí 50 lálẹ́, tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ka ọjọ́ fún àlejò. Kì í ṣe sẹ́ǹtì yẹn ni wọ́n ń lé. Ẹni tí kò ní in ni.

Ọdún kíkà fúnra rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ ilé alágbèérìn, ìyẹn ilé tí wọ́n kọ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n sì wọ́ lọ sí ọgbà tí èèyàn á ti máa gbé inú rẹ̀. Láti June 15, 1976, ìjọba àpapọ̀ fi dandan lé ìlànà wáyà àti ààbò iná, wọ́n sì ń kan irin pupa pẹlẹbẹ mọ́ ara èyí tó bá yege. Ọ̀pọ̀ ọgbà kò gba èyí tí kò ní irin náà mọ́. Ìyẹn nídìí. Ọkọ̀-ilé kò sí lábẹ́ ìlànà yẹn rárá.

Ẹ̀rù méjì ló gbé òfin ti ọkọ̀-ilé ró. Àkọ́kọ́ ni àlejò tí kò ní lọ mọ́: ní California, ẹni tó bá lò ju ọjọ́ 30 lọ ti di ayálégbé, tó bá sì pé oṣù mẹ́sàn-án, lílé e jáde á tún le sí i. Èkejì ni ọkọ̀ tó bàjẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Pílọ́ọ̀gì 30 amp tí ọkọ̀ fi ń gba iná ibùdó, tó bá ti dípẹtà, kì í wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣinṣin. Bí ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná bá jọ ń ṣiṣẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á gbóná títí rọ́bà á fi yọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ibùdó á sì bá a jóná.

Ṣùgbọ́n ọdún kò lè sọ ìyẹn. Òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò tún àtè etí rẹ̀ ṣe lè jò kó tó pé ọdún márùn-ún, ògiri á sì wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn rà á.

Àwọn onílẹ̀ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè fọ́tò. Airstream, ọkọ̀-ilé aláwọ̀ fàdákà tó lókìkí, ti ọdún 1960 tí wọ́n fọ̀ tó ń dán gbinrin sábà máa ń wọlé. Ọlọ́dún méjìlá tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, wọ́n á ní ibùdó ti kún.