Ta Ló Ń Gbé Fíìmù Dé Ojú Tẹlifíṣàn?

Bí fíìmù tó wà lórí fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú tẹlifíṣàn láìsí wáyà, ohun tó ń wá síni lọ́kàn ni pé fóònù ló gbé e débẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé fóònù kò fọwọ́ kan ẹrù náà rárá. Ẹni tó bá ru ẹrù lọrùn ń wọ̀: tí a bá mọ ẹ̀rọ tó ń ṣe làálàá, a ó mọ ìdí tí bátìrì fi ń tètè kú, ibi tí dátà ń gbà lọ, àti ohun tó ń mú àwòrán dúró sójú kan.

Ọ̀nà kìíní ni wọ́n ń pè ní cast. Àmì rẹ̀ ni tẹlifíṣàn kékeré tí ìlà títẹ̀ bíi ti Wi-Fi wà ní igun rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, fóònù á júwe ibi tí fíìmù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún tẹlifíṣàn, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ló máa gba inú rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, lọ gbé e. Láti ìgbà yẹn lọ, fóònù ti di rìmóòtù: wọ́n lè fi pe èèyàn, wọ́n lè pa ojú rẹ̀, fíìmù kò ní dúró. Chromecast, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ HDMI, ihò tí àwòrán àti ohùn ń gbà wọ tẹlifíṣàn, tí Google gbé jáde ní ọdún 2013, ló sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn ló ti ní irú rẹ̀ nínú.

Kí fóònù tó lè júwe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tó fẹ́ júwe fún. Ńṣe ló máa ń ké sínú Wi-Fi tó wà, tí tẹlifíṣàn á sì dáhùn. Tí fóònù bá wà lórí dátà tirẹ̀, tí tẹlifíṣàn wà lórí rọ́tà, wọn kò lè gbọ́ ara wọn. Nígbà tí orúkọ tẹlifíṣàn kò bá jáde, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Nínú ilé tí kò sí rọ́tà, kí fóònù kan tan hotspot, kí tẹlifíṣàn àti fóònù kejì wọlé síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí fóònù gbé ojú ara rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn. Níbí, fóònù di aláàárù pátápátá. Ó ń ya ojú ara rẹ̀ léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń fún àwòrán náà pọ̀ kó lè fúyẹ́, ó sì ń jù ú sí tẹlifíṣàn. Abájọ tó fi ń gbóná. Miracast, tí Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rí sí Wi-Fi, gbé jáde ní ọdún 2012, ni ọ̀pọ̀ Android fi ń ṣe é. iPhone ní AirPlay tirẹ̀. Ohun tó dára jù nínú Miracast ni pé fóònù àti tẹlifíṣàn máa ń so kọ́ra tààrà, láìsí rọ́tà. Fídíò ìgbéyàwó tó ti wà lórí fóònù lè hàn fún gbogbo ẹbí láì jẹ dátà kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá yọ lójú fóònù ni àlejò yóò rí, títí kan álàátì báńkì. Àwọn áàpù fíìmù kan sì máa ń dí ọ̀nà yìí nítorí ẹ̀tọ́ oní-fíìmù: ohùn lè jáde, àmọ́ ojú tẹlifíṣàn á dúdú.

Ní ti dátà, ìṣirò ni. Netflix ní kí íntánẹ́ẹ̀tì tó 5 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún àwòrán tó mọ́ kedere tí wọ́n ń pè ní 1080p. Bí 5 Mbps bá ń ṣàn fún odindi wákàtí kan, ó di 2.25 GB. Tẹlifíṣàn kò mọ̀ pé dátà wọ́n. Àwòrán tó mọ́ jù ni yóò máa bù, àfi tí wọ́n bá dín in kù nínú áàpù.

Bí àwòrán bá ń dúró sójú kan, ẹ jẹ́ ká wo ìgbì tí Wi-Fi ń gbà. Ìgbì 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá dáadáa, àmọ́ rọ́tà gbogbo àdúgbò ló wà lórí rẹ̀, máíkírówéfù pàápàá ń dà á láàmú. 5 GHz yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ibi gíga tó ṣí sílẹ̀ ni kí rọ́tà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì.

Ẹ̀rọ HDMI kékeré yẹn, irú Chromecast, náà fẹ́ iná tó tó. Ihò USB ẹ̀yìn tẹlifíṣàn lè máà fún un ju ìwọ̀n iná 500 mA lọ, èyí tó lè má tó o. Bó bá ń kú tó tún ń jí fúnra rẹ̀, ṣájà tó bá a wá nínú páálí ni kí wọ́n fi fún un níná.