Ibi tí iná dúró sí

Ẹ pe ẹnìkan kó wá dúró ti fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ sì pa gbogbo iná inú yàrá. Ẹ ní kó kọjú sí fèrèsé náà: gbogbo ojú rẹ̀ á mọ́ kedere, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ẹ ní kó yí díẹ̀, kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Imú rẹ̀ á ta òjìji sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, egungun ojú á yọ, á wá dà bíi pé ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò tíì sọ. Ẹ wá ní kó kẹ́yìn sí i. Kò sí ojú mọ́, ìrísí orí àti èjìká nìkan ló kù. Ẹni kan náà ni, fèrèsé kan náà ni, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà.

Iṣẹ́ àwa tí à ń ya sinimá àti eré tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Irú kámẹ́rà tí mò ń lò ni àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí, mo sì máa ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ibi tí mo gbé iná sí ni ì bá wù mí kí wọ́n bi mí.

Ojú wa máa ń tàn wá jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti inú oòrùn wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa rí àga àti tábìlì, torí ojú yín á ṣí sí i, ọpọlọ á sì bá a tún ohun tó rí ṣe. Kámẹ́rà kò ní olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí fèrèsé bá mọ́ ju ojú òṣèré lọ fíìfíì, ẹni tó ń ya á ló máa yàn: kí fèrèsé funfun báláú, tàbí kí ojú òṣèré ṣókùnkùn.

Bí iná ṣe tóbi tó lójú ẹni tó ń tàn sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Oòrùn tóbi ju ayé lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé bíńtín ló rí lójú ọ̀run, ìdí nìyẹn tí etí òjìji rẹ̀ fi máa ń mú bí ọ̀bẹ. Kí ìkùukùu wá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run á di iná ńlá kan, òjìji á sì yọ́. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí à ń ta síwájú iná, iṣẹ́ ìkùukùu ló ń ṣe. Bó bá ṣe fẹ̀ tó, tó sì súnmọ́ òṣèré tó, bẹ́ẹ̀ ni òjìji á ṣe rọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà iná gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́, torí ó máa ń ya àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu. Ẹ gbé iná sí mítà 1 sí ojú òṣèré, kí ẹ wá sún un sẹ́yìn di mítà 2. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú rẹ̀ kò ní ku ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Ní mítà 3, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ló ń fẹ̀ sókè sílẹ̀, tó sì ń fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìdí nìyẹn tó fi ń yára fẹ́lẹ́.

Ká ní ògiri wà ní mítà 2 lẹ́yìn òṣèré yẹn. Bí iná bá wà ní mítà 1 sí ojú rẹ̀, mítà 3 ló máa jẹ́ sí ògiri, ògiri á gba ìdá kan péré nínú mẹ́sàn-án ohun tí ojú gbà, á sì ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀ bí òru. Ẹ wá gbé iná kan náà lọ sí mítà 8. Ó di mítà 10 sí ògiri, ògiri á sì gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú gbà. Yàrá kan náà lè jẹ́ òru ẹni tó dá wà, ó sì lè jẹ́ ọ̀sán nínú ọ́fíìsì, láìkun ògiri, láìra ohunkóhun.

Mi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń ya òṣèré kan tó dúdú dáadáa, ojú rẹ̀ kò hàn tó lójú mi, ni mo bá ń gbé iná kún iná. Iwájú orí rẹ̀ ń dán gbinrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn síbẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ pa iná méjì, ó gbé pátákó funfun fífẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ òṣèré náà, ó ní kí n yí iná ẹyọ kan tó kù kọjú sí pátákó. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú yẹn yọ. Awọ ara tó dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó èyí tó pupa, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ohun tó wà níwájú rẹ̀ yọ bíi dígí. Bí iná kékeré tó le bá kọjú sí i, àmì funfun kékeré ló máa fi hàn. Bí ohun fífẹ̀ tó mọ́ níwọ̀nba bá kọjú sí i, gbogbo bí ojú náà ṣe rí ló máa fi hàn.

Ó dùn mí pé ó pẹ́ kí iṣẹ́ yìí tó ka irú ara bẹ́ẹ̀ sí. Láyé ìgbà tí fíìmù Kodak gbòde, orí káàdì tí àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń yẹ àwọ̀ wò, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà níbẹ̀; káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá ti bá ojú obìnrin yẹn mu ni wọ́n kà sí èyí tó pé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi lónìí pé òṣèré òun ti dúdú jù fún kámẹ́rà, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ sún iná rẹ̀.

Lẹ́ńsì náà ní agbára tirẹ̀. Nígbà tí olùdarí Stanley Kubrick ń ṣe sinimá Barry Lyndon, tó jáde ní 1975, òun àti John Alcott tó ya á fẹ́ ya àwọn ìran kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là nìkan. Lẹ́ńsì Zeiss f/0.7 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) tí wọ́n ti ṣe fún NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfurufú ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n lò, torí ihò rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó wà wọlé. Ṣùgbọ́n bí ihò lẹ́ńsì bá ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibi tí àwòrán ti máa mú kedere á tín-ín-rín gan-an. Bí òṣèré bá tẹ orí síwájú díẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́ẹ́ nínú àwọn ìran yẹn.

Ti àwọ̀ iná kò ṣòro. Kelvin la fi ń wọ̀n ọ́n. Iná tí a ń pè ní tungsten, ìyẹn gílóòbù onírin tín-ín-rín tó ń gbóná, wà ní nǹkan bíi 3200 kelvin, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú; ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5600, ó fẹ́ jọ búlúù. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ sójú kan, ẹ rí i pé ẹ mọ ìdí.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń wo eré, ẹ dá a dúró níbi tí ojú òṣèré ti kún àwòrán, kí ẹ wo inú ẹyinjú rẹ̀. Ẹ ó rí àmì funfun kan níbẹ̀. Bó bá rí roboto, bó bá ní igun mẹ́rin, bó bá wà lókè lápá òsì, iná tí wọ́n lò nìyẹn, ibi tó sì dúró sí nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹyinjú méjèèjì á dúdú láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú wọn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹni yẹn ló ń fi nǹkan pamọ́ nínú eré náà.